Jack Cohen, ọmọ télọ̀ tó fi £30 bẹ̀rẹ̀ Tesco

Ìyá tó bá ti lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun nílùú Lọ́ńdọ̀nù rí, kò ní í pẹ́ níbẹ̀ tí yóò fi gbọ́ orúkọ Tesco. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra mílíìkì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra búrẹ́dì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ra ìlédìí ọmọ. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ jáde nílé rárá. Wọ́n á tẹ fóònù ọwọ́ wọn, kò sì ní í pẹ́ tí ọkọ̀ Tesco yóò fi gbé ọjà wá bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń náwó níbẹ̀ ló rò pé orúkọ ìlú kan ni, tàbí orúkọ òyìnbó ńlá kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ èèyàn méjì ni wọ́n so pọ̀. Ọ̀kan ń ta tíì fún àwọn alágbàtà. Èkejì jẹ́ ọmọ télọ̀ tó ń pàtẹ ọjà agolo sójú títì. Ọmọ télọ̀ yẹn ni Jack Cohen.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, ọdún 1898 ni wọ́n bí i ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, Jacob Edward sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Júù ni bàbá rẹ̀, Avroam, ilẹ̀ Póláǹdì ló sì ti ṣí wá. Láyé ìgbà náà, ìpín tó pọ̀ jù nínú Póláǹdì wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà, ojú sì ń pọ́n àwọn Júù ibẹ̀ gidigidi. Àwọn tó rí owó ọkọ̀ san sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé, nínú yàrá tóóró, tí wọ́n ń ránṣọ tọ̀sán tòru. Iṣẹ́ télọ̀ yìí náà ni Avroam ń ṣe. Nígbà tí Jack pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ohun tí bàbá fẹ́ kò ju pé kí ọmọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. Àmọ́ ọmọ náà kò fẹ́ràn kó máa fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jókòó sójú kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún jáde níwájú.

Ogun Kìíní Àgbáyé ló yọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lọ́dún 1917, ó wọṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ tó nípọn ni wọ́n fi ń bo ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú nígbà yẹn, nítorí náà ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò wúlò fún wọn. Wọ́n rán an lọ sí Íjíbítì àti Palẹ́sítínì. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1917 náà, ọkọ̀ ojú omi tó gbé e kọlu bọ́ǹbù tí àwọn ọ̀tá rì sínú omi nítòsí èbúté Alẹkisáńdíríà, ọkọ̀ náà sì rì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun àti nọ́ọ̀sì ló bá a lọ. Jack wà lára àwọn tí wọ́n fà yọ. Lẹ́yìn náà ni ibà dá a dúbúlẹ̀, wọ́n sì dá a padà sílé.

Nígbà tó dé lọ́dún 1919, ó ti pé ẹni ogún ọdún. Ogun ti parí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn géńdé ló ń rìn kiri ìgboro Lọ́ńdọ̀nù láìníṣẹ́. Kò fẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀. Owó tí ìjọba fún un nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tó jẹ́ £30, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo ni ó ṣe fẹ́ fi í ṣe nǹkan?

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà rèé. Oúnjẹ alágolo tí wọ́n ti kó jọ fún àwọn ọmọ ogun pọ̀ rẹpẹtẹ nílẹ̀, ogun sì ti parí, kò sẹ́ni tí yóò jẹ ẹ́ mọ́. Ìjọba ń wá ẹni tí yóò kó o kúrò nílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Jack fi owó rẹ̀ ra mílíìkì alágolo, omi ṣúgà àti ẹja alágolo, ó kó wọn lọ sí ọjà Well Street ní Hackney, ó pàtẹ. Ní ọjọ́ kìíní, ó tà tó £4, èrè ibẹ̀ sì jẹ́ £1. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti ná ṣílè àti kọ́bọ̀ mọ̀ pé £1 kì í ṣe owó kékeré fún ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ Hackney dáadáa, torí inú àdúgbò náà ni ọjà Ridley Road wà, níbi tí wọ́n ti ń ra iṣu, ẹ̀fọ́ àti èlùbọ́. Àtẹ Jack kò jìnnà síbẹ̀.

Ọjà kan kò tó o. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń lọ láti ọjà dé ọjà, òní níbí, ọ̀la lọ́hùn-ún, bí àwọn oníṣòwò wa ṣe ń ná ọjà ọrọọrún. Ẹni tó bá tètè dé ló ń rí ibi tó dáa pàtẹ sí, nítorí náà kò sí àyè oorun àárọ̀. Ó ń ra ọjà tí omi ti kàn nínú ọkọ̀, ó ń ra agolo tó ti hó, tó ti dógùn-ún, tí àwọn onísọ̀ ńlá kò fẹ́ fojú rí. Wọ́n á nù ún títí yóò fi máa dán, wọ́n á tà á ní ìdajì iye tí wọ́n ń ta tuntun. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nídìí àtẹ. Bó bá ti rí i pé èrò ń fà sẹ́yìn, kíá ni yóò gé owó ọjà lulẹ̀ lójú wọn. Èyí ló mú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa pè é ní Jack tó ń gé owó ọjà. Ìlànà tó fi ṣòwò láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọjà ga bí òkìtì, kí owó rẹ̀ kéré, kí èrè tín-ín-tín orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì di èrè ńlá nítorí pé èèyàn púpọ̀ rà á.

Ní oṣù kìíní ọdún 1924, ó fẹ́ Sarah Fox, ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Cissie, ọmọ Júù bíi tirẹ̀ tí bàbá òun náà jẹ́ télọ̀. Dípò kí tọkọtaya náà fi owó tí wọ́n rí níbi ìgbéyàwó ra àga àti ibùsùn, òwò ni wọ́n dà á sí. Ọdún yẹn kan náà ni ó bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ T. E. Stockwell dòwò pọ̀. Oníṣòwò tíì ni Stockwell, láàárín àwọn tó ń ra tíì tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Jack ra tíì púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ dì í sínú páálí, kó fún un lórúkọ tirẹ̀. Ó mú lẹ́tà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Stockwell, T, E àti S, ó sì fi lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ti ara rẹ̀, C àti O, kún un. Ibẹ̀ ni Tesco ti wá. Orúkọ tíì ni kó tó di orúkọ ilé ìtajà.

Lẹ́yìn tó ti fi bí ọdún méjìlá pàtẹ sínú òjò àti òtútù, ó wá wọ inú ilé. Ní nǹkan bí ọdún 1931 ni orúkọ Tesco hàn lójú ìsọ̀ àkọ́kọ́, ní Burnt Oak, ní etí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kò sì pẹ́ tí òmíràn fi ṣí ní Becontree. Kì í ṣe àárín ìgboro ni ó lọ, níbi tí owó ilé ti wọ́n. Àwọn àdúgbò tuntun tí ìjọba ń kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ni ó tẹ̀ lé. Kóńkó ni ìsọ̀ náà, kò nílẹ̀kùn lójú títì, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu bí àtẹ ọjà, torí ó gbà pé ẹni tó ń kọjá lọ gbọ́dọ̀ rí ọjà kó tó ronú àtiwọlé. Lọ́dún 1932, ó fi orúkọ iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Nígbà tí Ogun Kejì Àgbáyé fi máa bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1939, ìsọ̀ rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Kí ogun náà tó dé, lọ́dún 1937, ó ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí John Edward Cohen, nítorí pé Jacob Cohen ti pọ̀ jù ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fi di wàhálà ní báńkì. Àmọ́ Jack ni gbogbo ayé ṣì ń pè é.

Ní àsìkò yìí ni ó rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì rí ohun kan tó ṣe é ní kàyéfì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí oníbàárà bá dé ìsọ̀, yóò dúró níwájú káńtà. Ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà ni yóò gé bọ́tà fún un, òun ni yóò wọn ṣúgà, òun ni yóò dì í. Bí èèyàn mẹ́wàá bá wà níwájú rẹ, o ó dúró títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro ọ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fún oníbàárà ní apẹ̀rẹ̀, pé kó máa rìn káàkiri láàárín ọjà, kó mú ohun tó wù ú fúnra rẹ̀, kó wá sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kọ ọmọ Jack, Hyman Kreitman, tó wá bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ogun lọ́dún 1946, gbà pé ọ̀nà yìí ni kí Tesco gbà. Jack kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀, torí ó gbà pé ara òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kò ní í gbà á, wọn yóò sọ pé wọ́n fẹ́ kí àwọn máa sin ara àwọn. Wọ́n dán an wò nílùú St Albans lọ́dún 1948. Ó kọ́kọ́ rí bákan, wọ́n tilẹ̀ dá ibẹ̀ padà sí ti àtijọ́ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n tó tún un ṣe. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin rí i pé ó ń gba àkókò àwọn là, Jack náà sì rí i pé òṣìṣẹ́ díẹ̀ lè bójú tó oníbàárà púpọ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, kò wẹ̀yìn mọ́. Ilé sinimá kan tó ti kógbá sílé nílùú Maldon ni wọ́n sọ di súpámákẹ́ẹ̀tì lọ́dún 1956.

Owó tó fi ń ṣe gbogbo èyí kò ti àpò rẹ̀ nìkan wá. Lọ́dún 1947, wọ́n gbé ìpín ìdókòwò Tesco lọ sí ọjà ìpín ìdókòwò Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá lówó lè ra tirẹ̀. Kàkà kó máa kọ́ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn iléeṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lódindi. Lọ́dún 1960, ó ra ti Irwin, tó ní ìsọ̀ tó lé ní igba ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1968, ó ra Victor Value, tí òun náà ní ìsọ̀ tó lé ní igba. Èyí tó ṣí nílùú Leicester lọ́dún 1961 tóbi débi tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé Guinness gẹ́gẹ́ bí ilé ìtajà tó tóbi jù ní Yúróòpù nígbà náà.

Àmọ́ ìjà tó kan gbogbo ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti ìsọ̀. Ti iye owó ni. Láyé ìgbà náà, iléeṣẹ́ tó ṣe ọjà ló ń pinnu iye tí gbogbo ìsọ̀ gbọ́dọ̀ tà á. Bí iléeṣẹ́ bá sọ pé ṣílè méjì ni, ìsọ̀ tó bá tà á ní ṣílè kan àtàbọ̀ ti rúfin, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì lè kọ̀ láti fún un lọ́jà mọ́. Àwọn onísọ̀ kéékèèké fẹ́ràn òfin yìí, torí ó ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ àwọn alágbára. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tiwọn náà. Ìyá arúgbó tó ní ìsọ̀ kan ṣoṣo ní abúlé kò lè ra ọjà ní ọ̀pọ̀ bí Tesco, bí wọ́n bá sì jẹ́ kí Tesco gé owó bó ṣe wù ú, ìyá náà yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ti í pa lóòótọ́ nígbẹ̀yìn. Jack kò gba ẹjọ́ wọn rò. Ojú àtẹ Hackney ni ó fi ń wo ọ̀rọ̀ náà: bí òun bá lè tà á ní ọ̀pọ̀, tí obìnrin tó ní ọmọ márùn-ún sì lè fi ṣílè tó ṣẹ́ kù ra nǹkan mìíràn, kí ló kan ẹni tó ṣe ọjà nínú rẹ̀?

Ó ń gé owó, àwọn iléeṣẹ́ ń pè é lẹ́jọ́, ó tún ń gé e. Àwọn oníwèé ìròyìn fẹ́ràn rẹ̀ torí ìsọkúsọ rẹ̀ àti bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ó rí ọ̀nà mìíràn tó fi ń yí òfin náà po lọ́dún 1963, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oníbàárà ní òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní Green Shield. Bí èèyàn bá náwó tó sísì kan, wọn á fún un ní òǹtẹ̀ kan. Yóò máa lẹ̀ ẹ́ mọ́nú ìwé kékeré, bí ìwé bá sì kún, yóò kó wọn lọ gba ìkòkò, aṣọ ìbora tàbí àwo. Owó ọjà kò yí padà, òfin kò rí i mú, àmọ́ ẹ̀bùn ti bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà. Iléeṣẹ́ Sainsbury bínú sí ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yìí, ó léwájú àwọn tó ta kò ó, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ń tò níwájú Tesco.

Lọ́dún 1964, Edward Heath, mínísítà fún ètò òwò, gbé òfin tuntun wá sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n fòpin sí ìlànà àtijọ́ náà. Ẹgbẹ́ Heath fúnra rẹ̀ pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn onísọ̀ kéékèèké ló ń dìbò fún wọn. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìbò tí wọ́n dì nílé ìgbìmọ̀, ìbò ẹyọ kan péré ni ìjọba fi borí. Òfin náà kọjá. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí fún Jack nìyẹn. Lọ́dún 1969, Ọbabìnrin fi oyè Sir dá a lọ́lá, ọmọ télọ̀ di Sir John Cohen. Ó tún ní bááǹjì kékeré kan tó máa ń fi mọ́ táì, tó sì máa ń pín fún àwọn èèyàn, tí wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́jọ sí lára. Bí àlejò bá bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ẹni tó bá fìdí jókòó kò lè ṣòwò, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó máa ń lò fún ìdí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ lójú àna.

Ọ̀rọ̀ àna ló wá di ọ̀rọ̀ ńlá níkẹyìn. Ọmọbìnrin méjì ni Jack àti Cissie bí, Irene àti Shirley. Hyman Kreitman ló fẹ́ Irene; Leslie Porter ló fẹ́ Shirley, òun náà sì wọ Tesco lọ́dún 1959. Àwọn àna méjèèjì mọṣẹ́. Kreitman fẹ́ ìlànà tó gún régé, kí ọjà máa ti ibi ìkẹ́rùsí kan ṣoṣo lọ sí gbogbo ìsọ̀, kí ìṣirò dájú. Bàbá ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kó rí ọjà tó pọ́ọ́kú níbì kan, kó rà á lójú ẹsẹ̀, kó máa kó o ránṣẹ́ sí ìsọ̀, yálà àwọn ìsọ̀ fẹ́ ẹ o, yálà wọn kò fẹ́ ẹ. Nígbà tí Jack gbé ipò alága sílẹ̀ fún Kreitman lọ́dún 1969, ó yẹ kó lọ sinmi. Kò sinmi. Wọ́n fi í ṣe ààrẹ títí ayé, ó ń wá síbi iṣẹ́, ó ń wọ inú ìsọ̀, ó ń pàṣẹ. Ìpàdé ìgbìmọ̀ olùdarí di ibi tí wọ́n ti ń pariwo mọ́ra wọn bí ẹni ń jà sí dúkìá. Lọ́dún 1973, Kreitman fi iṣẹ́ sílẹ̀. Leslie Porter gba ipò rẹ̀, ìjà kò sì tán.

Ohun tó wà nídìí ìjà náà ju ọ̀rọ̀ àna lọ. Ayé ti yí padà. Àwọn tó ń ra agolo tó ti hó lọ́dún 1919 ti dàgbà, àwọn ọmọ wọn ti ra mọ́tò, wọ́n ti ní fìríìjì, wọ́n ń wá ìsọ̀ tó tóbi, tó mọ́, tó ní ẹran tútù àti èso. Ìsọ̀ Tesco pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kóńkó ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n dọ̀tí, àwọn èèyàn sì ń fojú ìsọ̀ tálákà wò wọ́n. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé náà ń jẹ owó iléeṣẹ́, ní àkókò tí ohun gbogbo wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí oníbàárà kò fẹ́ ìkòkò ọ̀fẹ́ mọ́, tó jẹ́ pé kí owó oúnjẹ wálẹ̀ ló ń fẹ́.

Ẹni tó dìde sọ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú òǹtẹ̀ ni Ian MacLaurin. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí Jack gbà á síṣẹ́ lọ́dún 1959, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí Tesco mú láti kọ́ní iṣẹ́ ọ̀gá. Ọmọ tí Jack fọwọ́ ara rẹ̀ mú wọlé ló wá ń sọ pé kí wọ́n wó ohun tí Jack kọ́. Lọ́dún 1977, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ olùdarí. Jack ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Ó ta kò ó pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Wọ́n dìbò, díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi ju ara wọn lọ, Jack sì pàdánù nínú iléeṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Tesco fi nǹkan bo gbogbo fèrèsé ìsọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń lọ nínú ilé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, òǹtẹ̀ ti lọ, owó ọjà sì ti já wálẹ̀. Àwọn èèyàn ya bò wọ́n débi pé ọjà tán lórí pẹpẹ, ọkọ̀ akẹ́rù kò sì lè kó o dé kíá tó. Láàárín ọdún kan, ìpín tí Tesco ní nínú owó tí àwọn èèyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ná lórí oúnjẹ gòkè láti nǹkan bí 8 nínú 100 dé nǹkan bí 12. Kẹ́ ẹ máa wò ó. Gígé owó ọjà, tó jẹ́ ọgbọ́n Jack láti ìdí àtẹ, ni àwọn ọ̀dọ́ náà fi borí Jack. Òun ló ti gbàgbé ọgbọ́n ara rẹ̀, tó di òǹtẹ̀ mú.

Bóyá inú rẹ̀ dùn sí i lábẹ́lẹ̀, òun nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, ọdún 1979 ni ó kú, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Itẹ́ òkú àwọn Júù ní Willesden ni wọ́n sin ín sí. Ọdún tó kú yẹn náà ni iye ọjà tí Tesco tà lọ́dún kan kọ́kọ́ pé bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ £4 péré ló tà ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

MacLaurin di alága lọ́dún 1985. Àwọn ìsọ̀ kóńkó tí Jack fẹ́ràn ni wọ́n ń tì pa níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ́ àwọn ńláńlá sí ẹ̀yìn ìlú níbi tí mọ́tò ti lè rí àyè dúró. Lọ́dún 1995, Tesco borí Sainsbury, ó di ilé ìtajà oúnjẹ tó tóbi jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1984, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú Jack, tí àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ka sí nígbà náà. Nílùú Gateshead, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ran àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn lọ́wọ́. Wọ́n lo ẹ̀rọ kan tí Michael Aldrich ṣe, tó so tẹlifíṣọ̀n inú ilé mọ́ wáyà tẹlifóònù. Ìyá ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin kan jókòó sórí àga nínú ilé rẹ̀, ó tẹ rìmóòtù, ó yan mágárínì, kọnfíléèkì àti ẹyin. Iṣẹ́ náà lọ tààrà sí ìsọ̀ Tesco tó wà ládùúgbò, wọ́n sì gbé ọjà náà wá fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbà pé ìyá yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ra ọjà lórí ẹ̀rọ látinú ilé ní gbogbo ayé. Tesco tún padà sídìí rẹ̀ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ó sì ṣí Tesco.com lọ́dún 2000.

Ìyá náà jókòó, ó fi ìjókòó rajà tán, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá jókòó kò lè ṣòwò. Àmọ́ ẹni tó gbé ẹyin wá bá a lẹ́nu ọ̀nà kò jókòó.